Wouter àti Ìkòkò Tíì Ìyá Geddie

Oríṣiríṣi àìsàn ló wà láyé. Ti Wouter, ẹnu ni. Kì í ṣe pé ẹnu ń dun òun fúnra rẹ̀ o. Ẹnu náà ló ń dun àwọn tó bá jókòó tì í. Kò sí nǹkan tí ẹ máa dárúkọ tí Wouter ò ní sọ pé òun mọ̀ ọ́n ju ẹni tó ni ín lọ. Bí ẹ bá ní òjò pa yín lánàá, á ní òjò tó pa òun lọ́dún kan, ẹja wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá ní ikọ́ ń ṣe yín, ẹ máa gbọ́ nípa ikọ́ tirẹ̀ tó fọ́ gíláàsì fèrèsé nígbà tó wà lọ́mọdé.

Ọmọ Họ́láǹdì ni, láti ìlú Utrecht, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ débi pé ẹni tó bá gun àga ti gun òkè. Ó wá sí Portskail, létí òkun ní àríwá Skọ́tílándì, láti fi ọdún méjì kẹ́kọ̀ọ́ nípa ewé inú òkun ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga tó wà níbẹ̀. Ìwé ń wọ̀ ọ́ lórí, mi ò ní gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ibi tó máa gbé orí náà lé ni kò rí.

Ẹ̀yin náà ẹ mọ Portskail. Òkun gba apá kan, òkè gba apá kan, pápá gọ́ọ̀fù àtijọ́ nà gbalaja sáàárín, àwa èèyàn sì há sí ibi tó kù. Tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá dé ní oṣù kẹsàn-án, yàrá á wọ́n bí imí eégún. Ilẹ̀ yàrá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Ruaridh ni Wouter ń sùn, láàárín kẹ̀kẹ́ Ruaridh àti bàtà òjò Ruaridh. Ọmọ ìlú yìí ni Ruaridh, ọmọlúàbí sì ni, àmọ́ sùúrù rẹ̀ ti ń gbẹ lọ bọ̀ọ̀bọ̀ọ̀, nítorí Wouter a máa sọ̀rọ̀ lójú oorun, ó sì máa ń yangàn níbẹ̀ náà.

Bí wọ́n ṣe wà nìyẹn tí wọ́n fi gbọ́ pé Ìyá Geddie fẹ́ fi yàrá háyà.

Opó ni Isobel Geddie. Ilé olókùúta tó wà ní bèbè pápá gọ́ọ̀fù ni tirẹ̀. Yàrá òkè ni yàrá ọ̀hún, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí òkun, bẹ́ẹ̀dì inú rẹ̀ fẹ̀ débi pé èèyàn lè sùn níbùú kó tún yí padà, owó rẹ̀ ò sì gun òkè. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tí kò rílé ló ya bò ó. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ìyá náà ń bi wọ́n lẹ́yìn tó bá ti fún wọn ní tíì: ṣé wọ́n máa ń gbá gọ́ọ̀fù?

Ọ̀rọ̀ ìkòkò tíì kan ló fà á. Ìkòkò náà ti pẹ́ láyé, ẹnu rẹ̀ ti kán, ìdí rẹ̀ ń jò, kò sì sí ẹni tó lè fi ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n lọ́dọọdún, ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹwàá, ilé Geddie àti ilé Tulloch tó kọjú sí i máa ń gbá gọ́ọ̀fù lé e lórí. Ilé tó bá borí á gbé ìkòkò sójú fèrèsé, kí ilé kejì lè máa rí i láràárọ̀ tí wọ́n bá ṣí kọ́tìnì. Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti wà lọ́dọ̀ àwọn Tulloch. Bàbá Archie Tulloch máa ń nù ún lọ́jọ́ Àìkú, kọ́tìnì á wà ní ṣíṣí gbayawu, á máa nù ún díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun, á sì máa juwọ́ sí Ìyá Geddie ní òdìkejì títì. Ọ̀rọ̀ náà ń dun ìyá yìí wọ inú eegun. Ní ọdún tí mò ń wí yìí ẹ̀wẹ̀, àbúrò rẹ̀ tí wọ́n jọ máa ń gbá a ṣubú níbi tó ti ń fa kárọ́ọ̀tì, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì dá. Ìyá Geddie ń wá ẹnì kejì.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣáájú Wouter dáhùn bí ọmọ gidi. Ọmọbìnrin kan ní òun máa ń gbá a díẹ̀díẹ̀. Ọmọkùnrin kan wà tí kò sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó ní òun wà lára àwọn tó ń gbá a fún ilé-ẹ̀kọ́. Ìyá Geddie fún un ní bisikíìtì kan sí i, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ṣílẹ̀kùn fún un. Kò pè é padà.

Ó wá kan Wouter. Ìyá náà bi í bó ṣe bi àwọn tó kù. Wouter rẹ́rìn-ín músẹ́, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì.

"Màmá, ẹ má bínú o. Àwa ará Họ́láǹdì la ni gọ́ọ̀fù. Ẹ̀yin tibí kàn ń bá wa tọ́jú ẹ̀ ni."

Kí èèyàn sọ irú ọ̀rọ̀ yìí ní Portskail, níbi tí gbogbo wa ti gbà pé ilẹ̀ Skọ́tílándì ló bí gọ́ọ̀fù, ńṣe ló dà bí ìgbà tó wọ ilé ìsọmọlórúkọ tó ní àwọn òbí ló jí ọmọ gbé. Wọ́n ti lé èèyàn jáde nílé ọtí níbí lórí ohun tí kò tó bẹ́ẹ̀. Ìyá Geddie gbé ife rẹ̀ kalẹ̀. Ó wò ó láti òkè délẹ̀, ó tún wò ó láti ilẹ̀ dókè, bí ẹni tó fẹ́ ra àgbò ọdún.

Ó béèrè bóyá ó tiẹ̀ mọ̀ ọ́n gbá dáadáa.

"Èmi ni mo máa ń ṣe ipò kìíní nínú ẹbí wa. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ò fẹ́ bá mi gbá a mọ́, ó ní ó tó gẹ́ẹ́."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí pé irọ́ kọ́ lèyí. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà.

Ìyá Geddie dìde, ó mú kọ́kọ́rọ́ lórí ìṣó. Ó ní kí Wouter kó ẹrù rẹ̀ wá lónìí, kó máa sùn níbẹ̀ títí Sátidé. "Tó o bá gbá a bí mo ṣe rò pé o máa gbá a, yàrá di tìẹ títí o fi máa ṣetán nílé-ẹ̀kọ́. Tí ò bá rí bẹ́ẹ̀, wàá kó ẹrù ẹ padà síbi tó o ti kó o wá." Wouter gba kọ́kọ́rọ́, ó ní kí màmá lọ wá àyè sílẹ̀ fún ìkòkò tíì.

Nígbà tí Ruaridh wá kí i nínú yàrá tuntun, ó bá a lórí bẹ́ẹ̀dì, ó nà tàntàn bí ọba. Wọ́n jọ ń mu ọbẹ̀ tí Ìyá Geddie gbé wá fún wọn, Ruaridh sì béèrè, bí ọ̀rẹ́ ṣe ń béèrè, pé pápá wo ló ti máa ń gbá gọ́ọ̀fù nílé.

"Oko ẹ̀gbọ́n bàbá mi."

"Oko kẹ̀?"

"Oko màlúù."

Ruaridh rọra gbé ṣíbí kalẹ̀, ó ní kó ṣàlàyé. Wouter ṣàlàyé, kò fi ohunkóhun pamọ́, àyà rẹ̀ ṣe gírí. Ní ilẹ̀ wọn, àwọn àgbẹ̀ a máa kan bàtà onígi kan mọ́ ẹnu ọ̀pá gígùn. Bọ́ọ̀lù wọn tó orí ọmọ ọwọ́. Wọ́n á máa fi bàtà náà gbá a gba àárín àwọn màlúù kọjá títí á fi já sínú garawa tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Ibi tí bọ́ọ̀lù bá bọ́ sí, ìbáà ṣe inú kòtò, ìbáà ṣe inú ẹlẹ́bọ́tọ, ibẹ̀ náà ni wọ́n á ti gbá a. Ẹni tó bá fọwọ́ gbé e ti jáde nínú eré.

Ruaridh rẹ́rìn-ín títí ọbẹ̀ fi gba imú rẹ̀ jáde. Lẹ́yìn náà ló rántí ilẹ̀ yàrá rẹ̀, ẹ̀rín sì dá lẹ́nu rẹ̀. Ó bẹ Wouter pé kó lọ sọ òótọ́ fún ìyá yìí kí ilẹ̀ tó ṣú. Wouter ní kí ló dé? Bí ọ̀bọ ṣe ṣorí ni ìnàkí ṣe ṣe. Ẹni tó lè gbá bọ́ọ̀lù tó tó orí, ṣé èyí tó tó ẹyin ni kò ní lè gbá?

Ruaridh dìde. Ó wẹ abọ́ rẹ̀, ó lọ sílé, ó sì ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí àyè lè wà.

Ṣùgbọ́n mi ò ní tan yín, ẹ̀rù ba Wouter. Nígbà tó ku òun nìkan, ó wo òkun, ó wo bẹ́ẹ̀dì, ó rí i pé òun fẹ́ràn yàrá yìí gan-an. Ó tiẹ̀ sọ̀kalẹ̀ dé àárín àtẹ̀gùn láti lọ jẹ́wọ́. Ibẹ̀ ló ti rí Ìyá Geddie tó ń fi aṣọ nu ojú fèrèsé ìsàlẹ̀, ibi tí ìkòkò tíì máa jókòó sí, tó ń kọrin lábẹ́lẹ̀. Wouter yí padà, ó sì gun òkè lọ.

Sátidé dé, atẹ́gùn dé pẹ̀lú ẹ̀. Atẹ́gùn Portskail ni, èyí tó ń ṣí fìlà lórí ẹni tí kò dé fìlà. Ìyá Geddie wọ kóòtù òjò rẹ̀. Bàbá Archie àti ìyàwó rẹ̀, Netta, wọ kóòtù òjò tiwọn. Wouter wọ ṣòkòtò alápótí-àpótí pupa àti àwọ̀ ewé tó rà ní ìsọ̀ òkìríkà, ó sì dé fìlà tó ní bọ́ọ̀lù òwú lórí. Àwọn màlúù tó ń jẹko lórí pápá gbé orí sókè, wọ́n wò ó. Àwọn màlúù ti wà lórí pápá yìí kí gọ́ọ̀fù tó dé, ẹ̀tọ́ wọn sì ni. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi na wáyà iná yí ibi tí ihò kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù sí wà ká, kí wọ́n má baà tẹ koríko rẹ̀ pa. Nígbà tí Wouter rí màlúù, ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Ó ní ilé lòun dé yìí.

Bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ni ilé kọ̀ọ̀kan ń gbá, àwọn méjèèjì á sì máa gbá a lẹ́yìn ara wọn: tí èyí bá gbá a tán, ó di ti ìkejì. Wouter ò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyá Geddie ní kó ṣíde. Àwọn àgbààgbà tó máa ń fara ti ògiri òkúta láràárọ̀ Sátidé, tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa wo bí ẹlòmíì ṣe ń ṣíde lọ, na ọrùn síwájú.

Wouter kọ́kọ́ ṣàlàyé fún Bàbá Archie bó ṣe yẹ kéèyàn dúró. Ó la ẹsẹ̀ gbàgàdà, ó tẹ̀, ó gbé igi gọ́ọ̀fù lọ sẹ́yìn bí ẹni fẹ́ gbá ilẹ̀ àgbàlá, ó sì fà á wá síwájú pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Atẹ́gùn dún fẹ̀ẹ̀. Fìlà ṣí. Òun alára yí po, ó sì wá kọjú sí àwọn àgbààgbà ara ògiri. Bọ́ọ̀lù wà níbi tó wà, ó funfun báláú.

Nínú òfin, ìyẹn náà ti kà, ilé tí iye gbígbá rẹ̀ bá sì kéré jù ló ń borí. Ìyá Geddie rìn wá, ó gbá bọ́ọ̀lù náà kàà, ó sì fò tààrà lọ bí ẹyẹ tó mọ̀nà ilé.

"Mo fi í sílẹ̀ fún yín ni, Màmá," ni Wouter wí, ó ń ṣa fìlà rẹ̀. "Àgbà kì í wà ní pápá kí bọ́ọ̀lù ọmọdé ṣáájú."

Èjìká Bàbá Archie bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí fún yín nípa Archie: lọ́wọ́ rẹ̀, gọ́ọ̀fù kì í ṣe eré. Ó máa ń gbá a pẹ̀lú ojú tí àlùfáà fi ń sìnkú. Ṣùgbọ́n tí ẹ̀rín bá ti mú un, ọwọ́ rẹ̀ á rọ bí aṣọ tí wọ́n fọ̀, kò sì ní lè dá a dúró. Nígbà tó kàn án láti gbá tirẹ̀, ó ṣì ń rántí fìlà yẹn. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ forí lé òkun. Netta gbá a ní ìgbọ̀nwọ́ nínú ìhà, ó ní kó má wo ọmọ yẹn mọ́.

Báwo ló ṣe fẹ́ ṣe é tí kò ní wò ó? Nígbà tí Wouter rí bọ́ọ̀lù gbá níkẹyìn, kò lọ síwájú, ẹ̀yìn ló gbà, ó sì bọ́ sínú kòtò yanrìn tí wọ́n ti kọjá látàárọ̀. Wouter ní atẹ́gùn ni. Ó wọ kòtò lọ láti wo ibi tó wà. Àwọn kòtò wa níbí jìn, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ ọ́n, ògiri iwájú wọn ga ju èèyàn lọ; ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń wọ̀ ọ́, ẹ̀yìn náà ni wọ́n ti ń jáde. Wouter ò gba ẹ̀yìn jáde. Ó ní lọ́dọ̀ àwọn, iwájú ni ọkùnrin ń kọjú sí. Ó dì mọ́ koríko ògiri, koríko já, ó padà sínú yanrìn gbì. Ó tún gun ún. Ìyá Geddie ló ti ẹ̀yìn wọlé, ó gbá bọ́ọ̀lù jáde pẹ̀lú pẹ̀lẹ́, ó wá na ọwọ́ ráákì tí wọ́n fi ń tún yanrìn ṣe sí Wouter, ó sì fi fà á jáde bí ẹni ń fa ewúrẹ́.

"Ó dáa, ọmọ mi," ló ń wí. Ó dáa, ọmọ mi. Gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀, ohun kan náà ló ń wí. Létí Wouter, ńṣe ni gbogbo "ó dáa" yẹn ń dún bí ìgbà tí wọ́n ń di ẹrù rẹ̀ sínú àpò.

Ó gbìyànjú láti fi ìmọ̀ tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Létí ihò kan, tí Netta fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀, Wouter bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún wọn pé wáyà iná tí wọ́n nà yìí kò wúlò, pé ti Họ́láǹdì lè gbé màlúù sókè, pé èyí kò lè rìn èèrà nígàákè. Ó sì fi ìdí tì í, kó lè fọkàn balẹ̀ ṣàlàyé.

Kò ṣàlàyé mọ́. Ó fò sókè, ó balẹ̀, ó ké lédè ìyá rẹ̀. Màlúù tó wà nítòsí sún sẹ́yìn tìfura-tìfura. Bàbá Archie ti jókòó sórí koríko, ó ń fi fìlà bojú, omi ń dà lójú rẹ̀, nígbà tó sì dìde láti gbá tirẹ̀, igi ló kọ́kọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí bọ́ọ̀lù tó kúrò nílẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe jẹ́ o, pé gbogbo ohun tí Wouter ń bàjẹ́ fún ilé Geddie, Archie ń bà á jẹ́ padà fún ilé Tulloch. Ìyá Geddie ń gbá tirẹ̀ kàà, kàà. Nígbà tí wọ́n fi máa dé ihò ìkẹyìn, ọ̀mì ni wọ́n gbá, kò sẹ́ni tó ṣáájú ẹnì kan.

Wouter ò lè gbà á mọ́ra mọ́. Ìdí ń ta á, yanrìn wà lẹ́nu rẹ̀, ó sì ń rí kẹ̀kẹ́ Ruaridh lọ́ọ̀ọ́kán. Ó súnmọ́ ìyá náà, ó ní, "Màmá, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá yín sọ." Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Tá a bá parí," ni Ìyá Geddie wí.

Netta náà ti gba ìjọba. Ó ti yí ọkọ rẹ̀ kọjú sí òkun, ó ti súìtì ńlá kan bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ó ní kó máa ro ìsìnkú ìyá rẹ̀. Archie rò ó. Ojú rẹ̀ padà bọ̀ sípò, ó tún dà bí àlùfáà. Ó gbá bọ́ọ̀lù, ó lọ dáadáa. Netta, ẹni tí kì í rẹ́rìn-ín sí ohunkóhun láyé, gbá a tẹ̀ lé e, ó sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ihò, kò ju ibi tí apá ọmọdé lè nà dé lọ. Ó ku kí Archie kàn tì í wọlé. Ewúrẹ́ lè tì í wọlé.

Bọ́ọ̀lù ilé Geddie ńkọ́? Ìyá tí kò tíì ṣì í gbá láti àárọ̀, ìgbà yìí ló ṣì í. Ó gbá a, ó yà lọ sọ́wọ́ òsì, ó kọjá wáyà, ó sì bọ́ pọ̀ọ̀ sínú ìgbẹ́ màlúù tútù tó ṣì ń yọ èéfín.

Gbogbo ẹni tó ń gbá gọ́ọ̀fù ní Portskail ló mọ òfin yìí, àní àwọn màlúù pàápàá mọ̀ ọ́n: bí bọ́ọ̀lù bá bọ́ sínú ìgbẹ́, ẹ yọ ọ́, ẹ nù ún, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò sí ìyà kankan. Archie fẹ́ sọ fún ọmọ náà, nítorí olóòótọ́ èèyàn ni, ṣùgbọ́n súìtì wà lẹ́nu rẹ̀, Netta sì ní kó má yíjú kúrò lójú òkun. Ìyá Geddie náà kọjú sí òkun, bí ẹni pé ọkọ̀ ojú omi kan ń kọjá. Kò sí ọkọ̀ kankan.

Wouter dúró níwájú ìgbẹ́ náà. Ó wò ó. Ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tàn díẹ̀díẹ̀, bí ojú ẹni tó rí ọmọ ìyá rẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè.

"Ẹ kúrò lọ́nà," ló wí. "Eléyìí, mo mọ̀ ọ́n."

Ó sì mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ náà nìkan ni òótọ́ pọ́ńbélé tó sọ nípa gọ́ọ̀fù láti ìgbà tó ti dé Skọ́tílándì. Ó la ẹsẹ̀, ó tẹ̀ mọ́lẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é lóko ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ó gbé igi sẹ́yìn, ó sì fi gbá ìgbẹ́ yẹn láti ìdí rẹ̀.

Ó gbá a dáadáa. Kò sẹ́ni tó lè gbá a jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bọ́ọ̀lù fò kọjá wáyà, ó balẹ̀ sórí koríko ihò, ó yí, ó dúró. Ìgbẹ́ náà fò, gbogbo rẹ̀ pátá, ó ga sókè, ó tẹ́ pẹrẹsẹ lójú ọ̀run. Ibẹ̀ ni atẹ́gùn Portskail ti pàdé rẹ̀. Lóko ẹ̀gbọ́n bàbá Wouter, kò sí irú atẹ́gùn bẹ́ẹ̀. Atẹ́gùn gbé ìgbẹ́ náà, ó yí i padà, ó sì dà á lé Wouter lórí láti orí bọ́ọ̀lù òwú títí dé ṣòkòtò alápótí-àpótí.

Ẹlòmíì ì bá dákẹ́. Wouter ò dákẹ́. Láti inú ohun tó bò ó lójú, ó la ẹnu.

"Bí wọ́n ṣe ń gbá gọ́ọ̀fù nìyẹn," ló wí, èyí tó wà lórí ètè rẹ̀ sì wọlé lọ bá ọ̀rọ̀ náà.

Archie yíjú. Kò yẹ kó yíjú, ṣùgbọ́n ó yíjú. Súìtì ta jáde lẹ́nu rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ba màlúù kan. Ó rẹ́rìn-ín, ó dì mọ́ òpó wáyà, wáyà gbá a, ó tún ń rẹ́rìn-ín. Ìyá Geddie rìn wọlé ní pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbá bọ́ọ̀lù tirẹ̀, ó sì já sínú ihò kò. Ó wá kan Archie. Ó na igi, igi ń gbọ̀n. Netta dúró tì í, kò pariwo, ó kàn ń tún ọ̀rọ̀ kan sọ lábẹ́ ohùn: "Ìkòkò, Archie. Ìkòkò." Archie gbá a. Bọ́ọ̀lù kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò, ó gba abẹ́ wáyà jáde, ó sì lọ dúró lẹ́bàá ẹsẹ̀ màlúù. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Wọn ò sọ fún wa pé bí a bá ń rẹ́rìn-ín, a kì í ríhò.

Wọn ò jẹ́ kí Wouter wọlé. Ẹ̀yìnkùlé ló dúró sí, Ìyá Geddie ń da omi lé e lórí látinú garawa. Nínú ilé, ìkòkò tíì ti jókòó sójú fèrèsé, ẹnu rẹ̀ tó kán dojú kọ ilé Tulloch. Kọ́tìnì òdìkejì wà ní títì pa.

Bí omi ṣe ń dà lé e lórí ni Wouter ń jẹ́wọ́. Ó jẹ́wọ́ bàtà onígi, ó jẹ́wọ́ garawa, ó jẹ́wọ́ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ àti àwọn màlúù rẹ̀. Ó ní òun ò fi ọwọ́ kan igi gọ́ọ̀fù rí ṣáájú òní. Ó ní kí màmá forí jì òun, tí ara òun bá ti gbẹ, òun máa kó ẹrù òun.

"Ta ló ní kó o lọ?"

"Màmá, ẹ ní tí mi ò bá gbá a bí ẹ ṣe rò..."

"O gbá a bí mo ṣe rò. O tiẹ̀ gbá a jù bẹ́ẹ̀ lọ." Ìyá Geddie gbé garawa kalẹ̀, ó wá rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀. "Ọmọ mi, ó pẹ́ tí mo ti ń bá Archie gbá gọ́ọ̀fù. Mi ò lè fi ọwọ́ borí ẹ̀, kò sẹ́ni tó lè ṣe é nílùú yìí. Ẹ̀rín nìkan ló lè borí ẹ̀. Gbogbo ọmọ tó wá wo yàrá yìí ló mọ gọ́ọ̀fù gbá, kí ni kí n fi wọ́n ṣe? Ọjọ́ tó o wá jókòó síwájú mi, tó o gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, tó o ní ẹ̀yin lẹ ni gọ́ọ̀fù, mo ní, Olúwa o ṣeun, ẹni tí mò ń wá ti dé."

Wouter dúró nínú omi. Ó ronú lọ, ó ronú bọ̀. Ó wá rántí bọ́ọ̀lù tó yà sọ́wọ́ òsì.

"Màmá, bọ́ọ̀lù ìkẹyìn yẹn, tó bọ́ sínú ìgbẹ́..."

"Atẹ́gùn ni," ni Ìyá Geddie wí, ó sì na aṣọ ìnura sí i.

Wọ́n ní àìmẹ́nu, àìmétè ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ti Wouter, yàrá tó kọjú sí òkun ló kó bá a. Ó nu ojú, ó nu etí, bí ojú rẹ̀ sì ṣe ń mọ́ náà ni àyà rẹ̀ tún ń wú díẹ̀díẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, ó fẹ́ fi ìmoore hàn. Ó ní kí màmá má bẹ̀rù rárá. Láti ọ̀la lọ, Ruaridh á máa kọ́ òun ní gọ́ọ̀fù láràárọ̀, tí ọdún tó ń bọ̀ bá fi máa pé, òun á ti mọ̀ ọ́n dénú, kò sì ní sí ẹni tó máa lè fi òun rẹ́rìn-ín mọ́.

Ẹ̀rín kúrò lójú Ìyá Geddie. Ó na ọwọ́.

"Dá kọ́kọ́rọ́ mi padà."